Kí o tó yọ ìjókòó ọfà ọrun rẹ dànù

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ̀wé sí mi láti Òmù-Àrán. Ó ní:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Ẹ̀gbọ́n màmá mi kan ló fi ọrun onípúlì àlòkù ránṣẹ́ sí mi láti Amẹ́ríkà lọ́dún tó kọjá. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń fà á. Ìjókòó ọfà ara rẹ̀, ìyẹn ibi tí ọfà ń gbé lé kó tó jáde, ni èyí tó rí róbótó, tí irun bíi ti búrọ́ọ̀ṣì yí inú rẹ̀ ká. Nígbà tí ìyẹ́ onírọ́bà ìdí àwọn ọfà náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, mo yọ wọ́n kúrò, mo wá fi ìyẹ́ tòlótòló rọ́pò wọn. Láti ìgbà yẹn, ọfà mi kì í lọ tààrà mọ́. Ìdí rẹ̀ á máa jù síhìn-ín sọ́hùn-ún bó ṣe ń lọ, ìyẹ́ náà sì ń fà ya. Ọ̀yà àti awó ni mo ń dẹ jù, mo sì ń rí ẹtu lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìlọrin ní ìjókòó ọfà yẹn ni kò dáa, pé kí n ra irú èyí tó máa ń ṣubú fúnra rẹ̀ tí ọfà bá ti gbéra. Owó rẹ̀ pọ̀. Ṣé kí n rà á? Ṣé mo sì lè fọwọ́ ara mi pààrọ̀ rẹ̀, torí mi ò mọ ẹni tó ń tún irú ọrun báyìí ṣe nítòsí?"

Àbúrò mi, o ṣeun tí o kọ gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ bó ṣe rí. Má tíì náwó. Nínú gbogbo ohun tí o sọ, ìyẹ́ tòlótòló yẹn ló gba ọkàn mi jù, torí ọfà rẹ ń lọ dáadáa kí o tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ìjókòó onírun àti ìyẹ́ ẹyẹ kì í bá ara wọn gbé. Nínú irú ìjókòó tí o ní, ọfà kò lè jáde láìjẹ́ pé ìdí rẹ̀, tìyẹ́tìyẹ́, gba àárín irun náà kọjá. Ìyẹ́ onírọ́bà le. Á tẹ̀, á sì padà sípò lójú ẹsẹ̀. Ìyẹ́ ẹyẹ ò rí bẹ́ẹ̀. Irun yẹn á yà á lẹ́yìn bí òòyà ṣe ń ya irun orí, fọ́nrán tó di ara wọn mú á tú ká, tó bá sì ti ṣe bíi ìgbà mélòó kan, kò ní lè padà pọ̀ mọ́.

Mú ọ̀kan nínú àwọn ọfà tó ń ṣe ségesège yẹn, kí o fi ìka rẹ tẹ̀lé etí ìyẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wàá rí i pé ó ti là wẹ́wẹ́, pé ọ̀kan ti tẹ́ mọ́ ara igi ọfà nígbà tí èkejì ṣì dúró ṣánṣán. Ìyẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yẹ kó jọ máa gba afẹ́fẹ́ bákan náà. Bí ọ̀kan bá ti tẹ́, afẹ́fẹ́ á máa ti ìdí ọfà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ohun tó ń jù tí o ń rí nìyẹn.

Ọ̀rẹ́ rẹ kò purọ́ o. Bí o bá ra èyí tó ń ṣubú, ìyẹ́ tòlótòló rẹ kò ní fara kan nǹkan kan, ọfà á sì tún lọ tààrà. Ṣùgbọ́n bí o bá tún ìyẹ́ onírọ́bà lẹ̀ padà, ibi kan náà ni wàá dé, owó tó sì máa ná ọ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìjókòó tuntun. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o dúró ná.

Jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ tí ìjókòó ọfà ń ṣe, torí ibẹ̀ ni ìpinnu rẹ wà. Ọrun tí àwọn bàbá wa ń lò kò ní in. Ọwọ́ tó di ọrun mú náà ni ọfà ń gùn, igi ọrun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọfà á sì tẹ̀ díẹ̀ yí igi náà ká bó ṣe ń jáde. Ọdẹ tó ti mọ ọrun rẹ̀ láti kékeré, ojú rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ ti mọ bó ṣe máa gbà á. Ọrun onípúlì yàtọ̀. Ará ìpínlẹ̀ Missouri kan ní Amẹ́ríkà, Holless Wilbur Allen, ló gbé e jáde. Ní 1966 ló kọ̀wé sí ìjọba pé òun ni òun ni ín, wọ́n sì fún un ní ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1969. Púlì ló ń jẹ́ kí agbára ńlá wà lápá ọrun nígbà tí ẹrù ti fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ bí o bá ti fà á dé òpin. Wọ́n gé irin àárín rẹ̀ wọnú kí ọfà lè gba ojú ọ̀nà ọsán gan-an kọjá, láìyà sí ẹ̀gbẹ́. Nítorí náà, ohun kan gbọ́dọ̀ wà tó máa gbé ọfà sójú ọ̀nà yẹn, kì í ṣe ọwọ́ rẹ. Eré ọfà náà sì pọ̀, tó fi jẹ́ pé àṣìṣe tí kò ju ìwọ̀n èékánná lọ níbi ìjókòó á ti di ńlá kó tó kan ara ẹran.

Iṣẹ́ méjì ni ìjókòó náà ní. Ó gbọ́dọ̀ di ọfà mú sójú kan náà títí o fi máa tú ọsán sílẹ̀. Ó sì gbọ́dọ̀ yà fún ìdí ọfà nígbà tó bá ń kọjá. Èyí tó mọ ti àkọ́kọ́ ṣe kì í sábà mọ ìkejì ṣe tó bẹ́ẹ̀. Onírun, tí èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ń jẹ́ Whisker Biscuit, ló di ọfà mú jù lọ. O lè dorí ọrun kodò, o lè fi í wọ́ inú igbó, ọfà ò ní jábọ́. Àmọ́ ó ń fara kan ìyẹ́, ó sì ń dín eré ọfà kù díẹ̀. Èyí tó ń ṣubú kì í fara kan ìyẹ́ rárá bó bá ti wà déédéé, àmọ́ ó ní sípíríǹgì, ó ní okùn, ó sì ní ìgbà tó gbọ́dọ̀ gbéra àti ìgbà tó gbọ́dọ̀ wólẹ̀. Ohun tó bá ní ìgbà lè pẹ́, ó sì lè yá jù. Òmíràn wà tó jẹ́ ìka irin tín-ínrín méjì tí ọfà ń sùn lé. Ó dáa fún ẹni tó dúró sójú kan níbi ìdíje, ṣùgbọ́n bí o bá yí ọrun sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ọfà ti jábọ́ nìyẹn. Mi ò ní gba ọdẹ kankan nímọ̀ràn rẹ̀.

Ti ọrun onígi kò kàn ọ́. Awọ tàbí aṣọ onírun kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ igi ọrun ti tó wọn, ibẹ̀ gan-an sì ni ìyẹ́ ẹyẹ ti wúlò, torí ó máa ń tẹ́ pẹlẹbẹ tó bá fara kan ọrun, kò sì ní ti ọfà kúrò lọ́nà.

Wàyí o, wo igbó tí ìwọ ń dẹ. Igbó Ìgbómìnà ni: bẹẹrẹ àti eéran tó ga ju ènìyàn lọ, àpáta níhìn-ín, ipadò lọ́hùn-ún. Ìlọ́po méjì àkókò tí o fi ń dúró ni o fi ń bẹ̀rẹ̀, tí o fi ń rá. Ọ̀yà kì í sì í dúró dè ọ́. Bí ọfà bá yọ̀ kúrò lórí ìjókòó, tó ta kan irin ọrun ní kèrèkèrè nígbà tí ọ̀yà wà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 40 sí ọ, o ti lé e lọ. Ní irú igbó bẹ́ẹ̀, dídì mú ṣe pàtàkì ju eré lọ. Ibùsọ̀ tí o ti ń ta ọfà kò jìn. Mi ò rò pé ó yẹ kí o máa ta kọjá yáàdì 25 nínú koríko yẹn, bó ti wù kí ọrun lágbára tó. Ní ìwọ̀n yẹn, eré díẹ̀ tí irun ń gbà lọ́wọ́ ọfà kò lè gba ẹran lọ́wọ́ rẹ.

Nítorí náà, mi ò ní fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: dúró lórí onírun. Lẹ ìyẹ́ onírọ́bà padà, wo irun inú ìjókòó náà, pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti gbó, kí o sì tò ó bó ṣe yẹ. Bó bá jẹ́ pé orí igi ni o máa ń lúgọ sí, tí o ń ta láti ojú kan náà, tàbí tí ọkàn rẹ kò lè kúrò lára ìyẹ́ tòlótòló, nígbà náà ni mo máa ní kí o ra èyí tó ń ṣubú, n ó sì sọ bí wàá ṣe yan án níwájú.

Ọ̀rọ̀ ìyẹ́ náà kọ́kọ́. Ra èyí tó kúrú tó sì le. Èyí tó rọ̀ pẹlẹbẹ máa ń ká nínú irun. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òróró ọwọ́ tàbí ooru inú mọ́tò ló jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ ṣí, torí gọ́ọ̀mù kì í mú ojú tó lọ́ràá. Há gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò pẹ̀lú abẹ tí kò mú, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí o má bàa gé ara ọfà, pàápàá bó bá jẹ́ ọfà kábọ́ọ̀nù. Fi sípíríìtì nù ún, má fọwọ́ kàn án mọ́, kí o tó lẹ̀ ẹ́. Ọ̀kan nínú ìyẹ́ mẹ́ta náà sábà máa ń ní àwọ̀ tó yàtọ̀. Òun ni kó kọjú sókè gangan nígbà tí ọfà bá wà lórí ọsán. Ìdí ni pé irun tó wà nísàlẹ̀ ìjókòó le ju ìyókù lọ, òun ló ń gbé ọfà. Bí ìyẹ́ kan bá kọjú sísàlẹ̀, àárín irun líle yẹn ló máa gbà, kò sì ní pẹ́ bàjẹ́. Bí aláwọ̀ ọ̀tọ̀ bá wà lókè, méjì tó kù á gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kọjá.

Lẹ́yìn náà, wo irun yẹn fúnra rẹ̀. Ki ọfà bọ̀ ọ́, kí o sì gbé ọrun sókè níwájú ojú ọ̀run kí ìmọ́lẹ̀ lè gba inú rẹ̀. Irun gbọ́dọ̀ kan ara ọfà yípo. Bí o bá rí ìmọ́lẹ̀ lábẹ́ ọfà, tàbí tí ihò àárín kò róbótó mọ́, tó ti gùn wá sísàlẹ̀, irun ìsàlẹ̀ ti kú nìyẹn. Ọ̀nà mìíràn ni pé kí o fi ọfà sórí ọsán, kí o fi ìka tẹ orí rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, kí o sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Bó bá padà sókè síbi tó wà tẹ́lẹ̀, irun ṣì lágbára. Bó bá dúró síbi tí o tẹ̀ ẹ́ sí, ó ti parí. Irú kan wà tí wọ́n ń ta irun inú rẹ̀ nìkan, o kàn máa tú skúrù kékeré, o máa yọ ògbólógbòó, o máa ti tuntun bọ̀ ọ́. Béèrè èyí kí o tó ra odindi. Ìwọ̀n ihò rẹ̀ pọ̀ lóríṣiríṣi. Ìwọ̀n sísanra ọfà rẹ ni kí o fi rà á. Ihò tó tóbi jù á jẹ́ kí ọfà máa mì, èyí tó kéré jù á sì gbá a mú ju bó ṣe yẹ lọ. Rí i dájú pé ti ọwọ́ ọ̀tún lo rà.

O béèrè bóyá o lè fọwọ́ ara rẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, o lè ṣe é nínú ilé rẹ. Ohun kan ṣoṣo tí mi ò ní jẹ́ kí o ṣe fúnra rẹ ni yíyọ ọsán tàbí okùn púlì kúrò lára ọrun. Agbára tó wà nínú apá ọrun yẹn lè ya ojú ènìyàn. Ẹ̀rọ pàtó ló wà tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ kí ó tó ṣeé tú. Ìjókòó onírun kò nílò ìyẹn rárá.

Kí o tó tú èyí àtijọ́, fi bírò fa ìlà sí gbogbo etí ibi tó ti pàdé irin ọrun, kí o sì fi rúlà wọn bí àárín ihò rẹ̀ ṣe jìn sí irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kọ ọ́ sílẹ̀. Bí tuntun bá dààmú rẹ, o mọ ibi tí o ti kúrò.

Kọ́kọ́rọ́ onígun mẹ́fà lo máa fi tú skúrù ara rẹ̀. Fetí sí èyí dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọrun ti ń bàjẹ́ lọ́wọ́ wa. Àpò kọ́kọ́rọ́ tó pọ̀ jù lọ́jà wa, mìlímítà ni ìwọ̀n wọn. Ti ọrun Amẹ́ríkà, ínǹṣì ni. Èyí tó sún mọ́ ọn á wọlé, á dà bíi pé ó bá a mu, àmọ́ bí o bá ti fi agbára sí i, á yípo nínú orí skúrù náà, á sì sọ igun rẹ̀ di róbótó. Wá àpò tí wọ́n kọ 5/64, 3/32, 1/8, 5/32 àti 3/16 sí lára. Bóòtì ńlá tó di ìjókòó mọ́ ọrun náà rí bẹ́ẹ̀. Ínǹṣì 5/16 ni sísanra rẹ̀, eyín 24 ló sì wà nínú ínǹṣì kan. Bí o bá sọ ọ́ nù, tí o gbé ọrun lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọ̀kadà, wọ́n máa fún ọ ní bóòtì onímìlímítà 8, èyí tí wọ́n ń fi sípánà 12 tàbí 13 tú. Ojú kò lè dá a mọ̀ yàtọ̀. Sísanra wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, àmọ́ eyín wọn kò bára mu. Á wọlé díẹ̀, á wá le. Bí o bá fi agbára tì í, ojú ihò ọrun rẹ, tó jẹ́ alumíníọ̀mù, ló máa jẹ. Bóòtì tó bá yẹ, ìka ọwọ́ lásán ni wàá fi yí i dé ìdajì kí o tó mú kọ́kọ́rọ́. Bí ìka kò bá lè yí i, dúró.

Yí tuntun náà mọ́ ọn, ṣùgbọ́n má tíì fún un pa. Gbé ọfà sínú rẹ̀, kí o fi ìdí rẹ̀ kọ́ ọsán. Wo ó láti ẹ̀gbẹ́: ara ọfà gbọ́dọ̀ gba ọ̀gangan àárín ihò bóòtì yẹn kọjá, kó sì bá ọsán ṣe igun tó dúró déédéé. Síkúwà káfíńtà kékeré lè fi èyí hàn ọ́. Bí ìdí ọfà bá ga ju orí rẹ̀ lọ ní ìwọ̀n mìlímítà 2 tàbí 3, kò burú. Kó má ṣe rẹlẹ̀ sí i ni. Wá wò ó láti òkè: láti ara irin ọrun dé àárín ọfà, lórí ọ̀pọ̀ ọrun onípúlì, ìwọ̀n rẹ̀ máa ń wà láàárín ínǹṣì 3/4 sí 7/8, èyí tó jẹ́ bíi mìlímítà 19 sí 22. Ínǹṣì 13/16 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ìwé tó bá ọrun rẹ wá bá ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó fi í ránṣẹ́, ohun tí ìwé náà bá sọ ni kí o tẹ̀ lé. Fún bóòtì náà wàyí, kó mú, ṣùgbọ́n má fi gbogbo ara fún un.

Iṣẹ́ tó kù ni èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò, tí wọ́n á wá máa ní ìjókòó tí àwọn rà kò dáa. O gbọ́dọ̀ ta ọfà gba inú bébà kọjá. Wá férémù igi, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ́ fọ́tò tó tóbi, kí o lẹ ojú ewé ìwé ìròyìn kan mọ́ ọn kó fẹ̀, kó sì le. Bébà sìmẹ́ǹtì nípọn jù, kò ní ya dáadáa. Gbé e dúró níwájú àpò ìrẹsì tí o ti ki àkísà sínú rẹ̀ gbọnyin, kí ààyè bíi ẹsẹ̀ bàtà 5 wà láàárín méjèèjì kí ọfà lè kọjá tán kó tó kan àpò. Dúró ní ẹsẹ̀ bàtà 6 sí bébà náà, kí ọfà wà ní gíga èjìká rẹ, kí o sì ta á. Orí ọfà tó ń dẹ́ran mú jù fún èyí. Orí tí wọ́n fi ń ṣe ìdánrawò ni kí o lò.

Ohun tó ya lára bébà ló máa sọ̀rọ̀. Wàá rí ihò róbótó tí orí ọfà gbà wọlé, wàá sì rí ojú ẹsẹ̀ mẹ́ta tí ìyẹ́ là. Bí ìyẹ́ bá yí ihò náà ká, ọfà rẹ ń lọ tààrà. Bí ìyẹ́ bá là á sókè ihò, ìdí ọfà ga, gbé ìjókòó sókè díẹ̀. Bó bá là á sísàlẹ̀, sọ ìjókòó kalẹ̀ díẹ̀. Bó bá là á sí òsì, ti ìjókòó sí ọ̀tún. Bó bá là á sí ọ̀tún, tì í sí òsì. Díẹ̀ tí mò ń wí, kò tó mìlímítà kan lẹ́ẹ̀kan. Ta ọfà mẹ́ta lórí ìwọ̀n kan kí o tó gbà pé òótọ́ ló ń sọ, torí bí o bá di ọrun mú gírígírí, tí ọwọ́ rẹ lọ́ ọ, bébà á ya sí ẹ̀gbẹ́ láìjẹ́ pé ìjókòó ló fà á. Tú àtàǹpàkò àti àwọn ìka sílẹ̀, kí ọrun kàn fara ti àtẹ́lẹwọ́ rẹ. Bí o bá tì í títí, tí ó ṣì ń ya sí òsì, ó ṣeé ṣe kí ara ọfà rẹ rọ̀ ju agbára ọrun lọ. Ìjókòó kankan kò lè wo ìyẹn sàn. Ọfà tó le sí i ni o máa wá.

Lẹ́yìn bébà, lọ sí gbangba. Ta ọfà méjì láti yáàdì 10, méjì láti 20, méjì láti 30, ojú àmì kan náà ni kí o máa wò, sáìtì kan náà, ìyẹn ohun ara ọrun tí o fi ń wo àmì, ni kí o lò, jẹ́ kí àwọn ọfà máa wálẹ̀ bí o ṣe ń jìnnà. Ó yẹ kí wọ́n tò sórí ìlà kan tó dúró ṣánṣán. Bí ìlà náà bá ń yà sí òsì bó ṣe ń wálẹ̀, ti ìjókòó sí ọ̀tún ní ìwọ̀n irun orí. Ìgbà tí èyí bá ti tọ́ ni o máa wá tún sáìtì rẹ ṣe. Má ṣe dàrú wọn. Sáìtì ni ó ń tẹ̀ lé ọfà; bí o bá ti sáìtì kí ìjókòó tó dúró, o máa tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì.

Bí o bá wá pinnu pé èyí tó ń ṣubú ni o fẹ́, irú méjì ni wọ́n. Okùn ọ̀kan so mọ́ okùn púlì tó máa ń lọ sísàlẹ̀ bí o ṣe ń fà á. Okùn èkejì so mọ́ apá ọrun. Fún ẹni tó wà ní Òmù-Àrán, èyí tó so mọ́ apá ọrun ni mo fẹ́, torí o lè so ó láìtú ọsán, ó sì rọrùn láti tò. Èyí tó so mọ́ okùn púlì gbọ́dọ̀ dé òkè pátápátá ní ínǹṣì kan tàbí méjì tó kẹ́yìn ìfà rẹ. Bó bá ti dé òkè tipẹ́ kí o tó fà dé òpin, okùn rẹ̀ á máa gba ìfà tí kò yẹ kó gbà, á sì já lọ́jọ́ kan. Bí okùn náà bá já, má fi náílọ̀nù ìpẹja rọ́pò rẹ̀. Náílọ̀nù máa ń nà. Ohun tí o tò lónìí, tó bá di ọ̀la, ìgbà tó ń gbéra á ti yí padà.

Àtíkè lásán ni a fi ń mọ̀ bóyá ó ń ṣubú lásìkò. Fi omi díẹ̀ pa ìyẹ́ rẹ, da àtíkè lé e kó funfun, ta ọfà kan, kí o sì wo ara ìjókòó. Bí funfun bá wà lára rẹ̀, ìyẹ́ ti gbún un. Yí ìdí ọfà díẹ̀ lórí ọsán kí ìyẹ́ gba ibòmíràn, tàbí kí o tún okùn fà. Àtíkè yìí máa ń fi ohun tí ojú kò lè rí hàn, torí ó yá ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè wò lọ.

Ohun mẹ́ta kan wà tí mi ò lè jẹ́ kí o lọ láìgbọ́, ìjókòó yòówù kí o lò. Ọfà rẹ gbọ́dọ̀ gùn kọjá iwájú ìjókòó, ínǹṣì kan ó kéré tán, nígbà tí o bá ti fa ọrun dé òpin. Ọfà tó kúrú lè já sẹ́yìn ìjókòó, kó sì gba ọwọ́ òsì rẹ kọjá nígbà tí o bá tú ọsán sílẹ̀. Fa ọrun díẹ̀díẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, kí ẹlòmíràn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ máa wò ó. Èkejì, kí o tó ta ọfà kábọ́ọ̀nù tó ti kọlu òkúta rí, fọwọ́ méjì dì í mú, tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ yíká létí rẹ. Bí o bá gbọ́ ìró bí ìgbà tí nǹkan ń sán, sọ ọ́ nù. Á fọ́ lẹ́nu ọrun. Ẹ̀kẹta, má ṣe tú ọsán sílẹ̀ láìsí ọfà lórí rẹ̀ láé, kódà nígbà tí o bá ń dán ìjókòó wò. Agbára tí ọfà ìbá gbé lọ á padà sínú apá ọrun.

Mò ń fi ọ̀rọ̀ yìí gùn, nítorí ẹran tó gbé ọfà sá wọ inú koríko ní ìrọ̀lẹ́, tí o kò rí i mọ́, ìyà ńlá lò ń fi jẹ ẹran yẹn, o ò sì rí ẹran jẹ. Ọ̀yà kéré. Ibi tí ó yẹ kí ọfà kàn lára rẹ̀ kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bí ọfà rẹ bá ń jù ní ẹsẹ̀ bàtà 60, má wọ igbó lọ títí bébà á fi sọ pé ó ti tọ́. Tú gbogbo ìyẹ́ tòlótòló yẹn kúrò lónìí, kó má bàa sí ọ̀kan tó máa ṣi wọ inú àwọn tuntun.

Lásìkò ọyẹ́, má fi epo sí nǹkan kan níbi ìjókòó. Eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, á sì dì mọ́ skúrù àti sípíríǹgì. Búrọ́ọ̀ṣì eyín tó ti gbó, tó gbẹ, ni kí o fi gbá a. Bó bá sì jẹ́ pé skúrù rẹ máa ń tú nítorí gbígbọ̀n ọrun, gọ́ọ̀mù skúrù aláwọ̀ búlúù ni kí o kán ẹ̀kán kan sí i, kì í ṣe pupa. Pupa kì í tú mọ́ láìfi iná sun ún, o kò sì gbọ́dọ̀ fi iná sún mọ́ ọsán.